Nígbà Tí Egungun Itan Àgbà Bá Ṣẹ́: Abẹ́rẹ́ Tí Ń Mú Ìrora Rọlẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìlera tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí bàbá tàbí ìyá arúgbó bá wà, ó sì kan àwa ará Àkókó ju bí a ti rò lọ. Ẹni tó bá mọ Ìpè, Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ dáadáa mọ̀ pé orí òkè àti ẹ̀bá òkè ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Àtẹ̀gùn òkúta ni a ń gùn wọ ilé, àpáta ni àgbàlá ẹlòmíràn, ẹ̀yìnkùlé tí a ti ń wẹ̀ a sì máa yọ̀ bí ọṣẹ nígbà òjò. Ọmọdé á ṣubú níbẹ̀, á dìde, á gbọn yẹ̀pẹ̀ nù, á tún sáré lọ. Ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún á ṣubú níbẹ̀ kan náà, kò sì ní lè dìde mọ́.

Kì í ṣe pé ìṣubú náà le. Ọ̀pọ̀ ìgbà, láti ìdúró lásán ni: ẹsẹ̀ yọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ balẹ̀, ó tán. Egungun ni kò lágbára mọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, pàápàá lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, inú egungun a máa ṣófo díẹ̀díẹ̀, bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tí èèpo rẹ̀ ṣì ń dán. Ibi tó sì sábà máa ń ṣẹ́ ni ọrùn egungun itan, lókè pátápátá, níbi tí orí egungun náà ti wọ inú ihò ìbàdí. Ẹni tó bá ti ka ìtàn Jákọ́bù ní Péníẹ́lì yóò rántí oríkèé yìí, nítorí òun ni ó mú kí Jákọ́bù máa tiro. Bí ẹsẹ̀ àgbà tó ṣubú bá kúrú ju èkejì lọ, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí síta, tí kò sì lè gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò egungun rárá.

Láyé àtijọ́, irú èyí kò wọ́pọ̀ láàrin wa. Ní 1991, A. O. Adebajo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí i pé itan àgbà kì í ṣẹ́ níhìn-ín tó bí ó ti ń ṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ń pẹ́ láyé sí i, a dúpẹ́, ẹni tó bá sì pẹ́ láyé ni egungun rẹ̀ ń gbó. Kò sì yọ ẹni ńlá sílẹ̀. Póòpù John Paul Kejì ṣubú ní ilé ìwẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹrin 1994, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́, ẹni ọdún 73 ni nígbà náà. Ìyá Ọbabìnrin Elizabeth ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣubú ní Sandringham ní oṣù kìíní 1998, ó ti pé ọdún 97. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì tún gbé ọdún mẹ́rin sí i kó tó sùn ní 2002, lẹ́ni ọdún 101. Nítorí náà, kí ẹni tó ń sọ níwájú aláìsàn pé "Ti Màmá ti parí" dákẹ́.

ÌRORA TÍ ÀGBÀ Ń PA MỌ́RA

Àwọn àgbà wa kì í fẹ́ ké. Wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà pé ẹni tó ti di ìyá ilé kò gbọdọ̀ máa pariwo bí ọmọdé, nítorí náà wọ́n á di eyín wọn, wọ́n á máa pe orúkọ Jésù ní ohùn jẹ́jẹ́. Ẹni tó jókòó tì wọ́n á wá rò pé ìrora náà kò pọ̀. Ẹ wò wọ́n nígbà tí a bá fẹ́ ti ike ìgbọ̀nsẹ̀ sábẹ́ wọn, tàbí nígbà tí ikọ́ bá gbọ̀n wọ́n. Ojú wọn nìkan yóò sọ fún yín. Egungun tó ti ya sí méjì ń gbo ara rẹ̀, ẹran itan sì ń sún kì, ó ń fà á sókè. Ẹ wá fi ọ̀nà olókè àti oníkòtò tó wà láàrin Ìpè, Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́ kún un, kí aláìsàn náà wà ní ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa mì ní gbogbo kòtò. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, ọ̀nà náà tún gùn sí i.

Ìrora yìí kì í ṣe ohun tí a kàn ń mú mọ́ra títí yóò fi lọ. Ó ń ṣe iṣẹ́ ibi lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè mí kanlẹ̀, kò fẹ́ húkọ́ yọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀, òtútù àyà á sì wọlé. Kò fẹ́ yí padà, egbò á sì yọ ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Kò fẹ́ mu omi nítorí kò fẹ́ tọ̀, omi ara rẹ̀ á gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ lè dì ní ẹsẹ̀ tí kò mì. Nígbà tí àjọ NICE, tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn ọsibítù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé rẹ̀ jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2011, wọ́n kọ ọ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí egungun itan wọn ṣẹ́ ni kì í rí òpin ọdún náà. Kì í ṣe egungun gan-an ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdùbúlẹ̀ àti àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ sọ láìfi bò, nítorí láàrin àwa onígbàgbọ́ gan-an ni ó ti ń ṣẹlẹ̀. Àgbà tó wà nínú ìrora líle, tí kò sùn, tí kò jẹun, tàbí tí oògùn líle pọ̀ jù lára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè dàrú lóru. Yóò máa bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀. Yóò ní àwọn kan dúró sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Yóò máa dárúkọ ọmọ tó sin ní ogójì ọdún sẹ́yìn, yóò sì máa sọ pé òun ni òun pa á. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ara rẹ̀ lè balẹ̀, kó má rántí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Àìsàn ni èyí. Àwọn dókítà mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó, ó sì wọ́pọ̀ lára àgbà tí itan rẹ̀ ṣẹ́, ìbáà ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, ìbáà ṣe ní Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n láàrin tiwa, ẹni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóru lè sọ pé Màmá ti ń jẹ́wọ́, pé ó ti ń kà bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Ìyá tó tọ́ ọmọ mẹ́fà yóò wá di ẹni tí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sá fún, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ gbé oúnjẹ tọ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ nítorí egungun tó ṣẹ́. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ìyá ìjọ, bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè yín lóru nítorí irú èyí, dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Kí ni a sì sábà máa ń fún wọn? Nílé, Alábùkún ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń lọ bá. Láti 1918 ni Jacob Odulate ti gbé e jáde ní Abẹ́òkúta, ó sì ti ṣe ọ̀pọ̀ ilé lóore lọ́jọ́ ẹ̀fọ́rí. Ṣùgbọ́n aspirin àti caffeine ni ó wà nínú rẹ̀, aspirin kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá. Ẹni tó ń lọ fún iṣẹ́ abẹ kò nílò ìyẹn. Diclofenac àti ibuprofen tí kẹ́míìsì ń tà lè ba kíndìnrín àgbà jẹ́, wọ́n sì lè dá egbò sí i nínú. Paracetamol ló sàn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọsibítù ni ó sì ní in, àmọ́ òun nìkan kò ká ìrora itan tó ṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbé aláìsàn. Ní wọ́ọ̀dù, wọn a máa gún pentazocine, tàbí tramadol, tàbí mọfíìnì níbi tó bá wà. A kò sọ pé kí ẹ kọ̀ wọ́n o. Wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ọ̀dọ́ ń gbà láìsí wàhálà lè mú kí àgbà máa bì, kí ìgbẹ́ rẹ̀ le, kí èémí rẹ̀ lọ sílẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì dàrú bí a ti sọ lókè yìí.

ABẸ́RẸ́ NÁÀ

Ẹni tó bá ti yọ eyín rí ní ọsibítù mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Dókítà eyín á gún abẹ́rẹ́ sí ìdí àgbọ̀n, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kú, ẹ ó rí i bí ó ti ń fa eyín, ẹ kò sì ní mọ̀ ọ́n. Ojú yín là sílẹ̀, ọpọlọ yín pé. Irú abẹ́rẹ́ yìí kan náà ni wọ́n ń gún fún itan. Níbi tí itan ti pàdé ikùn, iṣan ìmọ̀lára kan wà tó tóbi, tó ń gbé ìròyìn ìrora láti oríkèé ìbàdí àti iwájú itan lọ sí ọpọlọ. Kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣan ẹ̀jẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí oògùn bá ti yí iṣan yìí ká, ìròyìn náà kò ní dé ọpọlọ mọ́. Ó dà bí ìgbà tí a yọ fíùsì lórí òpó iná: bùlúùbù inú ilé kò bàjẹ́, wáyà kò já, iná ni kò dé ibẹ̀. Nígbà tí agbára oògùn bá tán, iná á padà.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1884, dókítà kan tó ń jẹ́ Karl Koller ní ìlú Vienna fi hàn pé bí a bá kán omi cocaine sí ojú, a lè ṣe iṣẹ́ abẹ lójú náà kí aláìsàn má mọ̀ ọ́n. Kí ọdún náà tó parí, William Halsted ti ń gún un sí ìdí iṣan ìmọ̀lára ní New York. Ó dán an wò lára ara rẹ̀, oògùn náà sì di bárakú fún un. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ máa wá oògùn tí kì í di bárakú. Nils Löfgren rí lidocaine ní Sweden ní 1943, bupivacaine tó ń pẹ́ lára ju ìyẹn lọ sì jáde láti ilẹ̀ kan náà ní 1957. Ní 1989, Bernard Dalens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Faransé kọ ọ̀nà tuntun kan tí wọ́n lò fún àwọn ọmọdé: kí abẹ́rẹ́ má sún mọ́ iṣan ńlá náà rárá, kí a gún un jìnnà sí i, lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, kí oògùn náà fúnra rẹ̀ tàn dé ibẹ̀. Ọ̀nà àwọn ọmọdé yìí ni ó wá di ti àwọn arúgbó káàkiri ayé.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọn á kọ́kọ́ wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti èémí aláìsàn, wọn á béèrè bóyá ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Wọn á fi ọ̀nà sílẹ̀ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Wọn á nu ibi tí wọ́n fẹ́ gún, wọn á sì fi abẹ́rẹ́ kékeré pa awọ ibẹ̀ kú. Bí ẹ̀rọ sikáànì bá wà, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún, dókítà á máa wo ọ̀nà abẹ́rẹ́ náà lójú ẹ̀rọ. Bí kò bá sí, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi ọwọ́ wọn àárín egungun ìbàdí àti egungun iwájú, kí ó mọ ojú ibẹ̀, kí ó sì fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú jù gún un. Ọwọ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n nígbà tí abẹ́rẹ́ bá la awọ kìíní kọjá, á tún mọ̀ ọ́n ní ìkejì. Oògùn tí wọ́n là dáadáa, nǹkan bí 30 sí 40 mílílítà, ni wọ́n ń rọra tì wọlé, wọn á sì máa dúró wò ó. Láàrin ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, Màmá tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbà kí wọ́n gbé e ya fọ́tò. Wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá ni ó sábà ń wà lára, nígbà mìíràn ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé òótọ́ ni pé ó ń ṣe ìrànlọ́wọ́, àbí ọ̀rọ̀ oníṣòwò oògùn lásán ni? Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ní 2020, àjọ Cochrane kó ìwádìí 49 pọ̀, tí àwọn ènìyàn 3,061 kópa nínú wọn. Wọ́n rí i dájú pé láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìrora nígbà tí aláìsàn bá ń mira dín kù gan-an lára àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà. Ìdàrúdàpọ̀ ọkàn dín kù láàrin wọn, àìsàn inú àyà dín kù, wọ́n sì tètè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

OHUN TÍ KÒ LÈ ṢE

Abẹ́rẹ́ yìí kò to egungun. A ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ewu kan wà nínú ìtura. Bí ìrora bá ti lọ, tí Màmá rẹ́rìn-ín, tí ó béèrè ọbẹ̀, àwọn ẹbí lè máa wo ojú ara wọn pé owó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń wá kiri yìí, bóyá kò pọn dandan mọ́. Ó pọn dandan. Ìlànà NICE ni pé kí iṣẹ́ abẹ wáyé ní ọjọ́ tí aláìsàn dé tàbí ní ọjọ́ kejì rẹ̀. A mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà tí owó bá pé ni ọjọ́ ń pé, ọ̀pọ̀ ẹbí sì ń san gbogbo rẹ̀ láti inú àpò wọn. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ tí ẹ fi ń wá owó náà, kò sí ìdí tí aláìsàn fi ní láti máa jẹ̀rora. Bí wọ́n bá sì sọ pé ara rẹ̀ kò lè gba iṣẹ́ abẹ mọ́ rárá, nígbà náà gan-an ni ìtura yìí ṣe pàtàkì jù.

Ó ní ewu tirẹ̀, bí gbogbo oògùn. Bí oògùn náà bá ṣèèṣì wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó pọ̀ jù fún ara tó gbẹ, aláìsàn lè sọ pé etí òun ń hó, pé ètè òun kú, pé ẹnu òun ń ṣe bí irin. Gìrì lè gbé e, ọkàn rẹ̀ sì lè dáwọ́ dúró. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ nítorí rẹ̀ ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gún un nílé tàbí ní kẹ́míìsì. Ọsibítù tó ní afẹ́fẹ́ oxygen, tó sì ní òróró funfun tí wọ́n ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ láti fi wẹ oògùn náà kúrò, ni ó yẹ kó ṣe é, kí wọ́n sì ṣọ́ aláìsàn fún ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn dókítà tó ń fún ni ní oògùn oorun kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn kan nínú wọn sì ti lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kì í ṣe ohun olówó iyebíye. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní pàtàkì pàápàá ń gún un, a kò sì rí ìdí tí kò fi lè rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín lọ́jọ́ kan. Ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Igbóbì ní Èkó ti ń tọ́jú egungun láti 1945, UCH ní Ìbàdàn sì ṣí ilé ìtọ́jú tó dá wà fún àwọn àgbà nìkan ní 2012. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ pè é. Yóò sọ fún yín pé ojoojúmọ́ ni òun ń rí i. Tí ẹ bá dé ọsibítù, ní Ìkàrẹ́ o, ní Ọ̀wọ̀ o, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, ǹjẹ́ ẹ lè fún Màmá ní abẹ́rẹ́ tó ń pa iṣan itan kú kí ẹ tó gbé wọn?" Ìbéèrè kò bí dókítà gidi nínú.

ṢÉ ÀÌNÍGBÀGBỌ́ NI?

Àwọn kan yóò béèrè bóyá ẹni tó ń gba irú abẹ́rẹ́ yìí kò ṣiyèméjì sí agbára Ọlọ́run. Ìbéèrè àtijọ́ ni. Nígbà tí James Simpson ti Edinburgh bẹ̀rẹ̀ sí í lo chloroform fún àwọn aboyún ní 1847, àwọn ẹlẹ́sìn kan bínú sí i. Ó dá wọn lóhùn nínú ìwé kékeré kan, ó sì tọ́ka sí Jẹ́nẹ́sísì orí kejì, níbi tí Olúwa ti mú Ádámù sun oorun ìjìkà kí ó tó yọ egungun ìhà rẹ̀. Lúùkù náà, oníṣègùn ni. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tó bá wá gbàdúrà fún àgbà tí itan rẹ̀ ṣẹ́ má ṣe fà á ní ọwọ́ pé kí ó dìde rìn. Kí ó gbàdúrà, kí ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà níbi tó wà.

KÍ Ẹ TÓ DÉ ỌSIBÍTÙ

Ẹ má fi òróró tàbí Robb fọwọ́ ra á, ẹ má fà á, ẹ má sọ pé kí ó gbìyànjú láti dúró. Ẹ fi ìrọ̀rí sí àárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fi aṣọ so wọ́n pọ̀ láìfún, kí ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá máa gbé èkejì ró. Pákó gbọọrọ tàbí ilẹ̀kùn tí a yọ ni kí ẹ fi gbé e, kí ó nà gbọọrọ nínú ọkọ̀; ọ̀kadà kọ́ o. Àwọn tó ń to eegun ní ìmọ̀ tiwọn, a kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọrùn egungun itan kò dà bí egungun ọwọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí orí egungun náà lè ti já, bí a bá sì fi ọparun dì í fún oṣù mẹ́ta, ó lè má jinná. Bí a bá dì í le jù, ẹsẹ̀ náà lè jẹrà.

Bí wọ́n bá ti gún abẹ́rẹ́ náà, ẹsẹ̀ yóò wúwo, kò sì ní lágbára títí oògùn á fi tán. Ẹ má jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ láìsí ẹni méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ mú awò ojú rẹ̀ lọ́wọ́, kí ẹni tó mọ ohùn rẹ̀ sì sùn tì í ní òru àkọ́kọ́. Kí ẹni náà kọ wákàtí tí wọ́n gún un sórí ìwé, nítorí ó lè jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru ni agbára rẹ̀ yóò tán, kí ó sì rán nọ́ọ̀sì létí kí ilẹ̀ tó ṣú pé paracetamol tó kàn kò gbọdọ̀ pẹ́.